Ohùn Tí Ìyá Ọkọ Mi Mọ̀

Láti ìgbà tí ojú ìyá ọkọ mi ti fọ́ ni kì í ti í jẹ oúnjẹ tí kò bá gbọ́ ohùn ẹni tó gbé e wá. Bí ẹ bá gbé àwo síwájú rẹ̀ tí ẹ kò sọ̀rọ̀, á fi ọwọ́ ti àwo náà sẹ́yìn díẹ̀, á sì dúró. "Ta nìyẹn?" Ó lè jẹ́ pé ebi ti ń pa á láti àárọ̀, ó lè jẹ́ pé ọbẹ̀ náà ń ta sánsán dé ilé kejì, kò kàn án. Ẹ máa kọ́kọ́ fọhùn ná. Ó ní ẹni tó bá ń gbé oúnjẹ fún afọ́jú láìfọhùn, ohun kan wà tó fi síbẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ń bú u. Èmi náà kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an, iṣẹ́ ìfura ni. Ilé iṣẹ́ kan ní Ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì ni mo wà, kẹ́ẹ̀gì epo àti ti omi, iṣẹ́ tèmi sì ni láti wá èyí tó ń jò. A ó ki páìpù afẹ́fẹ́ bọ kẹ́ẹ̀gì lẹ́nu, a ó rì í sínú omi, a ó wá máa wò bóyá afẹ́fẹ́ ń rú jáde níbì kan. Mo ti ṣe é pẹ́ débi pé mi ò lè rí ohun tó dì dáadáa kí n má bi ara mi léèrè ibi tó ti ń jò. Ọkọ mi sọ pé bí mo bá dé ọ̀run, màá kọ́kọ́ rì í bọ omi wò ná kí n tó wọlé.

Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wa kì í dákẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì gbọ́ yín, ẹ gbọ́dọ̀ ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Láti àárọ̀ tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá já wa sílẹ̀ títí tó fi máa gbé wa padà, igbe ni. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ohùn mi mọ́ gaara, mo tiẹ̀ máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n bí mi sí. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ó wúwo, ó ki, ó sì ń ya bí aṣọ tó ti gbó. Àwọn tó bá pè mí lórí fóònù á ní, "Ẹ káàsán, sà." Nígbà tó yá, mi ò bínú mọ́.

Nígbà tí Ìyá fi máa ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa gbé ní Ifákò, ojú rẹ̀ ti fọ́ tán, ohùn tèmi náà sì ti bàjẹ́ tán. Ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ló fi ojú rí mi rí, kò sì jọ pé ó wò mí dáadáa lọ́jọ́ náà, torí inú rẹ̀ kò dùn pé ọmọ òun lọ fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, onígbàgbọ́ pẹ̀lú. Ohùn gbígbó yìí ló fi mọ̀ mí. Bí mo bá ti gbé oúnjẹ dé tí mo sì fọhùn, á ní, "Ìyàwó," á fọwọ́, á ní, "Bìsìmílà," á sì jẹun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní ó dùn, kò ní kò dùn. Látìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ wa, mi ò gbọ́ "o ṣeun" lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo sì mọ ohun tó fà á, tàbí kí n kúkú sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Kò fẹ́ràn mi. Ó ń fara dà mí nítorí ikùn rẹ̀ ni.

Ó wá di pé bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, ohùn ọ̀hún á kàn pòórá. Màá la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán á máa jáde. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní Agége, ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ kan, ó sì fi túláàsì mú mi lọ sí ọsibítù kan ní Ìkẹjà. Dókítà ọ̀fun tí a bá níbẹ̀ kéré, kò lè ju àbúrò mi tí wọ́n bí kẹ́yìn lọ. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ mú mi fura.

Ó fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba imú mi wọlé, ó ní kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri, kí n sì máa ní "ííí".

"Tán-án-ná yín nìyẹn, mà," ó wí.

Mo rántí ọ̀rọ̀ náà láti ilé ìwé, nígbà tí olùkọ́ Yorùbá wa ya àwòrán gògóńgò sójú pátákó. Látìgbà náà ni mo ti rò pé okùn ni, bíi ti gìtá, tí nǹkan kan ń ta lọ́fun wa. Kò sí okùn kankan níbẹ̀. Ìṣẹ́po ẹran funfun méjì ni, wọ́n so mọ́ra níwájú, wọ́n là lẹ́yìn, lókè kòmóòkun níbi tí èémí ń gbà kọjá. Bí mo bá mí sínú, wọ́n á ṣí gbayawu. Bí mo bá ní "ííí", wọ́n á pàdé, wọ́n á sì máa mì bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán. Létí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kókó kan yọ bí ẹyọ ìrẹsì.

"Ṣé mímì tó rọra ń mì yẹn ló ń di ohùn?" mo bi í.

"Kì í rọra mì, mà. Ti obìnrin máa ń là, á sì pàdé, ju igba ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan."

"Mo ṣáà rí i báyìí tó ń rọra ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní iná tó wà lẹ́nu kámẹ́rà náà kì í tàn tààrà, ó ń ṣẹ́jú ni. Ó ń ṣẹ́jú lọ́nà tó jẹ́ pé ibi bíńtín ló ń mú nínú ìmì kọ̀ọ̀kan, ojú wa á wá kó àwọn bíńtín náà jọ bí ẹni pé ìmì kan ṣoṣo ló ń lọ jẹ́jẹ́.

"Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ fi ń hàn mí kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ó rí bẹ́ẹ̀, mà. Kò kàn lọ́ra bẹ́ẹ̀ ni."

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo òrùlé.

Mo ní ó dáa, ta ló wá ń fà á, tó ń ṣí i, tó ń tì í, nígbà igba nínú ìṣẹ́jú àáyá kan? Iṣan wo ló lè sáré tó bẹ́ẹ̀? Ó ní kò sẹ́ni tó ń fà á. Iṣẹ́ iṣan kò ju pé kó mú àwọn méjèèjì súnmọ́ra lọ, afẹ́fẹ́ ló ń ṣe ìyókù. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóóró á kó jọ sábẹ́ wọn, á máa tì wọ́n títí wọ́n á fi là. Bó bá ti ń sáré gba àárín wọn kọjá, agbára tó fi ń tì wọ́n níbẹ̀ á dín kù, ẹran náà fúnra rẹ̀ á sì fẹ́ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Báyìí ni wọ́n á tún pàdé, afẹ́fẹ́ á tún kó jọ, wọ́n á tún là.

Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró. Mo ti ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ tipẹ́. Afẹ́fẹ́ tó bá gba àárín nǹkan méjì kọjá, ńṣe ló máa tì wọ́n sọ́tọ̀, kì í mú wọn pàdé. Kò bá mi jiyàn. Ó ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ó ní kí n mú wọn dání níwájú ẹnu, kí wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, kí n wá fẹ́ atẹ́gùn sáàárín wọn. Mo fẹ́ ẹ. Bébà méjèèjì lẹ̀ mọ́ra. Mo tún fẹ́ ẹ, wọ́n tún lẹ̀ mọ́ra. Mo ní ó ní irú bébà tí wọ́n ń lò ní ọsibítù. Nígbà tí a délé, mo gé ti kàlẹ́ńdà àtijọ́, mo fẹ́ ẹ. Mo gé ti ọ̀rá, mo fẹ́ ẹ, títí òòyì fi kọ́ mi. Ọkọ mi ní ṣé ó ti tó báyìí. Mo ní mi ò tíì mọ̀.

Dókítà náà tún sọ pé ohun tí etí ń gbọ́ kì í ṣe ẹran tó ń gbá ara wọn. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ́ jáde ní ìwọ̀n kékeré kékeré ni, ẹnu àti imú ló wá ń tún un ṣe kó tó di ọ̀rọ̀. Bí a bá na ẹran náà kó le, á yára mì, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ tó sì nípọn, á lọ́ra, ohùn á wálẹ̀. Gbogbo òkè-sódò tí Yorùbá ń bá ohùn ṣe, ibẹ̀ náà ni, kò sí ìsinmi fún tán-án-ná wa. Kókó méjì tó wà lára tèmi ti mú kó wúwo, kò sì jẹ́ kí etí wọn pàdé dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ wá ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ni mo gbà láìjiyàn. Ohun tó bá ń jò, ó yé mi.

Wọ́n máa gba ẹnu wọlé gé kókó náà nígbà tí mo bá ti sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọdọ̀ fọhùn rárá títí tí òun á fi sọ pé ó yá, kódà mi ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ohùn bá sì dé, mi ò gbọdọ̀ fún ọ̀fun kí n fi tipá mú un jáde mọ́ láyé, torí irú fífún bẹ́ẹ̀ ló hu kókó náà, òun náà ló máa tún un hù.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí bí a ṣe máa sọ ọ́ nílé. Nínú ẹbí ọkọ mi, wọn kì í pariwo àìsàn. Ìfura loògùn àgbà, wọ́n á ní ẹni tí kò mọ ibi tó ń dùn ọ́ kò ní mọ ibi tó máa tẹ̀.

"Bí Ìyá bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi abẹ kan ọ̀fun ẹ, wọn ò ní sùn mọ́," ọkọ mi wí. "Kó tó dọ̀la, gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbọ́. Màá kàn sọ pé o lọ tọ́jú màmá ẹ n'Íjẹ̀bú."

Inú bí mi pé irọ́ náà tètè dé ẹnu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo bi ara mi pé irú èyí mélòó ló ti pa fún èmi náà. Ṣùgbọ́n mo tún ń wo Ìyá lọ́kàn mi, bó ṣe máa sọ fún àwọn ará ilé lórí fóònù pé Ọlọ́run ti wá dá sí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ Ìjẹ̀bú. Mo gbà.

"Ó lọ láì dágbére fún mi?" Ìyá bi ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n pè é ní wàràwàrà ni, Ìyá."

"Ó dáa."

Mo mọ "ó dáa" Ìyá. Kì í túmọ̀ sí pé ó dáa.

Wọ́n gé e, mo sì padà sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé. Èmi ni mò ń se oúnjẹ, ọkọ mi á gbé e wọlé fún ìyá rẹ̀, á sì fọhùn. Ògì àti ohun rírọ̀ nìkan ni mò ń jẹ, mo rù, aṣọ ń já bọ́ léjìká mi. Mo bọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ mi má bàa dún. Ṣùgbọ́n Ìyá ń gbọ́ ìgbálẹ̀, ó ń gbọ́ ìdérí ìkòkò, ó ń gbọ́ omi.

"Ta nìyẹn?"

Màá dúró gbagidi bí olè.

Ohun tó tú mi fó ni ìkúnlẹ̀. Mo ń kọjá níwájú rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò kọ́ mi láti máa kọjá lára àgbà bí ẹran. Mi ò tiẹ̀ rò ó, mo kúnlẹ̀, orúnkún mi sì dún lórí símẹ́ńtì. Ìyá yí orí sí ọ̀dọ̀ mi. Ó dúró kó gbọ́ "Ẹ káàárọ̀". Kò gbọ́ nǹkan kan. Mo dìde, mo sì bá tèmi lọ.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo gbọ́ ohùn Ìyá láti yàrá. "Obìnrin wo lo kó wá sílé yìí?"

"Kò sí obìnrin kankan, Ìyá."

"Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀. Bá mi pe ìyàwó mi lórí fóònù."

Ọkọ mi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa.

"Ó dáa," Ìyá wí.

Ọjọ́ tí dókítà ní kí n fọhùn, mo ní "A". Ohùn kan jáde tí mo ti gbàgbé pé mo ní. Ó mọ́, ó ga, kò já níbì kan. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò purọ́. Ọkọ mi ní ohùn tí òun gbọ́ ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ kìíní tí òun fi yíjú padà nìyẹn. A délé, mo lọ tààrà síwájú Ìyá, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá."

Tẹ̀sùbáà dúró. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Ìyàwó yín."

"Ìyàwó ta ni?" Ó gbọ́ ohùn mi títí tó fi tán nínú yàrá. "Kí ló wá dé tí o fi ń fọhùn báyìí? Láti ọjọ́ yìí lo ti ń rìn nínú ilé yìí. Orúnkún ẹ ń dún, ẹnu ẹ ò dún."

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ọsibítù, abẹ, irọ́ Ìjẹ̀bú. Ìyá jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Nígbà tí o ní ó rìnrìn àjò, ṣé òótọ́ lo sọ?"

"Irọ́ ni, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Èyí tí o wá ní kò rìnrìn àjò yìí ńkọ́?"

Ọkọ mi tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Wọ́n gé nǹkan lọ́fun èèyàn, ohùn ẹ̀ wá dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," Ìyá wí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Kò sí ẹ̀rí tí a mú wá tí kò yí padà di ẹjọ́ sí wa lọ́rùn. Àwọn ọmọ wa, tí wọ́n ń gbé ní ilé ìwé, pè é lórí fóònù, wọ́n ní Màámi ni. Ìyá ní a ti kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ. Mo sọ ohun tí èmi àti òun nìkan mọ̀. Ó ní ọmọ òun ló sọ ọ́ fún mi. Mo ní kó fọwọ́ lé èjìká mi, èyí tó máa ń dì mú lọ sílé ìwẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó sì yára gbé ọwọ́ kúrò. "Èjìká ìyàwó mi kì í ṣe egungun." Inú bí mi débi tí mo fẹ́ pariwo, mo sì rántí pé mi ò gbọdọ̀ pariwo.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ oúnjẹ ilé wa mọ́. Ọmọ rẹ̀ gan-an, kò gba tọwọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó purọ́ lè bu nǹkan sí ọbẹ̀. Ohun tó bá ní èèpo tí òun fúnra rẹ̀ lè bó nìkan ló ń jẹ: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin sísè, ẹ̀pà. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ọkọ mi ń bẹ̀bẹ̀, ó ń bínú, ó tún ń bẹ̀bẹ̀. Mo rí i kedere pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, arúgbó yìí máa kú sí wa lọ́wọ́, wọ́n á sì gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìyàwó ló febi pa á.

Ó wá ku èmi àti òun nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, wá jókòó."

Mo jókòó. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú.

"Mi ò bá ẹ jà," ó wí. "Ó lè má jẹ́ ẹjọ́ ẹ. Ọkùnrin ló máa ń mú obìnrin wọlé. Ṣùgbọ́n kí n sọ fún ẹ, o ò lè ṣe é bíi tiẹ̀. Ọmọ yẹn máa ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé mò ń gbọ́ ọ nínú ẹsẹ̀ ẹ̀, á kọ́kọ́ wá wò mí kó tó jókòó. Ohùn ẹ̀ ti gbó síbi iṣẹ́ nítorí ọmọ tèmi. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn yẹn láàárọ̀, mo mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́ nìyẹn. Èmi tí mi ò ríran, kí ni mo tún fẹ́ fi mọ̀?"

Mo sún mọ́ ọn.

"Ṣé ẹ sọ fún un rí?" mo bi í.

"Sọ kí ni? O ò mọ̀ ọ́n ni. Ó máa ń fura jù. Bí mo bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kí ni mo fẹ́ gbà. Mo bá dákẹ́, mò ń jẹ oúnjẹ ẹ̀ tán. Mo rò pé á mọ̀." Ó pa àwọn ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà mọ́ ọwọ́. "Ọmọ dáadáa ni ọ́, mo gbọ́ ọ nínú ohùn ẹ. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó ti kú ni? Bó bá ti kú, sọ fún mi kí n lè sunkún ẹ̀. Wọ́n ń fi ẹkún ẹ̀ dù mí."

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń jowú ara mi. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń wá ibi tí ìyá yìí ti ń jò. Mo dìde, mo lọ sí ilé ìdáná, mo bu àmàlà tó kù, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ ohun tí dókítà sọ. Mo fa àgbọ̀n mọ́ ọrùn, mo fún ọ̀fun pinpin, mo sì fi tipá ti afẹ́fẹ́ gbà á. Ó ta mí bí ata. Ohùn tó jáde nípọn, ó ń ha.

"Ìyá, mo ti Ìjẹ̀bú dé o."

Orí rẹ̀ yí sókè wàrà. Ó tẹ́tí, kó lè dá a lójú.

"Ìyàwó?"

"Èmi ni, Ìyá."

"O pẹ́ o. Màmá ẹ ńkọ́?"

"Ara wọn ti yá."

"Alhamdulilahi. Bu omi wá kí n fọwọ́."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún fi ìka nu àwo. Kò ní ó dùn. Kò ní o ṣeun. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti sú òun.

Ohùn méjì ló wà lọ́fun mi báyìí. Mò ń fi kan bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, mo sì ń fi ìkejì gbé oúnjẹ fún Ìyá. Ìgbà mìíràn á gbọ́ mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń bá àwọn aládùúgbò ṣeré, bí mo bá sì wọlé pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, á fi orí júwe ẹ̀yìn ilé.

"Obìnrin yẹn tún wá lónìí. Mo gbọ́ ọ, ó ń rẹ́rìn-ín."

"Mo ti lé e lọ, Ìyá."

"O káre." Á bu òkèlè. "Ohùn ẹ̀ dùn ju tìẹ lọ ṣá. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ nídìí ìkòkò mi."

Nígbà tí mo padà sí Ìkẹjà, dókítà náà tún fi kámẹ́rà rẹ̀ wò mí. Etí tán-án-ná méjèèjì ti pọ́n. Ó bi mí bóyá mo ti padà síbi ariwo ẹ̀rọ. Mo ní wọ́n ti gbé mi lọ síbi tó parọ́rọ́. Ó ní ohun yòówù kí n máa ṣe, kí n jáwọ́ níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kókó náà á tún hù.

"Bó bá hù," mo bi í, "ṣé ohùn ti tẹ́lẹ̀ ló máa padà wá?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí orí rẹ̀ kò pé mọ́. "Òun náà ni, mà. Kò ní gbà yín ní wàhálà láti fún ọ̀fun mọ́, á kàn máa jáde bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé lọ gbé oúnjẹ Ìyá.